Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Ọ̀pá Láàárín

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, tí ẹ wá ń bi arúgbó bíi tèmi léèrè, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ọ̀rọ̀ mi máa tọ́ tààrà. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ayé mi tún ṣe ní Odòde, ní Ìdànrè níbí. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà ni mò ń wí o, kì í ṣe máàrúwá. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti kó sípánà mi sínú àpótí, mo sì ti fọkàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bi mí nípa kẹ̀kẹ́ tí n kò ní lè dáhùn. Ìgbà tí Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti Àkúrẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Ohun tí ó bi mí kò ju báyìí lọ: "Bàbá, mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ di ẹrù rin ọ̀nà jíjìn. Ṣé èyí tí kò ní ọ̀pá láàárín lè rù ú, àbí èyí tó ní ọ̀pá ni kí n lò?"

Ẹ ti rí ọ̀pá yẹn rí. Òun ló ti ọrùn kẹ̀kẹ́ wá sí abẹ́ ìjókòó, tí ọkùnrin fi gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ sókè kó tó gùn ún. Kẹ̀kẹ́ kejì kò ní i. Ọ̀pá tirẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ nítòsí pẹ́dáàlì, kí ẹni tó wọ ìró tàbí aṣọ gígùn lè kan gbẹ́sẹ̀ wọ àárín rẹ̀, kó jókòó. Kẹ̀kẹ́ obìnrin là ń pè é. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ fún ẹrù? Ìbéèrè ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn.

Ọ̀gá Olú ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fà mí lé e lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n jọ sọ, kò sí èyí tó dùn ún gbọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọkùnrin yẹn le! Bí ó bá bá ọ níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí o ń dè nọ́ọ̀tì, á ní kí o tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí o tún un bẹ̀rẹ̀. Kò gbà ká fi ojú wo rímù tó bá wọ́. Ó ní ojú ń parọ́. Ṣe la máa di ojú, ká fi ìka kan kan ara rímù, ká máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìka fi máa sọ ibi tó gbé wọ́ fún wa. Ìka mi bó títí ó fi le gbagidi. Bí mo bá sì lẹ túùbù, á tì í bọ inú abọ́ omi. Bí omi bá hó pẹ́rẹ́ báyìí, kò ní bú mi, kò ní nà mí, á kàn gbé abọ́ náà sí iwájú mi, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí ju ìgbájú lọ.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá Olú kì í yẹ̀. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ni ti ẹrù. Kẹ̀kẹ́ obìnrin, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni." Á wá fi hàn wá. Á fi ọwọ́ kan di ọrùn kẹ̀kẹ́ obìnrin mú, á fi èkejì di ìjókòó rẹ̀ mú, á lọ́ ọ.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń mì?"

"A rí i, Ọ̀gá."

Á ṣe bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ọkùnrin, kò ní mira. Kí ni mo tún fẹ́ rí? Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan wà nígbà náà tó máa ń lọ gbẹ̀bí káàkiri àwọn abúlé oko. Kẹ̀kẹ́ obìnrin ló ń gùn. Ó ń fi ru àpótí onípákó tí oògùn àti àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó ń fi ru apẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ̀bí tán, àwọn olóko á tún di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lórí, nítorí inú wọn dùn. Ojú ọ̀nà àwọn abúlé yẹn kì í ṣe ọ̀nà, òkúta àti gbòǹgbò ni. Bí ó bá gbé kẹ̀kẹ́ náà wá, kò ju kí a lẹ túùbù tàbí kí a pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì lọ. Mo máa ń kúnlẹ̀, màá fi àkísà nu gbogbo ojú ibi tí irin ti so mọ́ irin, màá máa wá ibi tó ti sán. N kò rí i rí.

Lọ́jọ́ kan mo gbójú, mo bi Ọ̀gá Olú. "Ọ̀gá, ẹ ní kẹ̀kẹ́ obìnrin ò lè ru ẹrù. Ti nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá?"

"Ó yàtọ̀."

Ibẹ̀ la fi í sí. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò padà.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù láyé ọjọ́un, torí ẹ̀yin ò bá a. Àpò kòkó ni wọ́n máa ń gbé dúró lórí kárìyà, tí wọ́n á dì í gírígírí, tí orí àpò á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èjìká ẹni tó ń wà á dọ́gba. Báwo ni wàá ṣe ju ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn? Àpò wà níbẹ̀. Bí o bá ní kí o gbé e gba iwájú, ọ̀pá wà níbẹ̀, ẹrù á sì gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ ṣubú. Àpáta làwọn bàbá wa ń lò. Àpáta ò sì wọ́n wa ní Ìdànrè. Kò sí ọ̀nà oko kan tí kò ní àpáta tirẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ti àpáta, wọ́n á gun orí àpáta, wọ́n á rọra gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ọ̀pá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ti ara wọn kúrò. Ó di ibi àpáta mìíràn kí wọ́n tó lè sọ̀. Láàárín àpáta sí àpáta, kò sẹ́ni tó ń dúró. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, o máa mú un mọ́ra. Bí àna rẹ bá ń kí ọ lójú ọ̀nà, o máa kí i padà lórí eré. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń jà nítorí pé ẹnì kan ti fi kẹ̀kẹ́ ti àpáta tipẹ́ tí kò kúrò níbẹ̀.

A ń rẹ́rìn-ín sí i, a sì ń tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀pá yẹn kúrò láàárín. Bí a ṣe bá ọ̀pá ni ọ̀pá wà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, Bọ̀dá Dáyọ̀, kì í ṣe oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Àgbẹ̀ kòkó ni. Nígbà tó fẹ́ ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ìyàwó tíṣà kan tó ń kó kúrò nílùú ló ní kẹ̀kẹ́ tó ṣì dáa, kẹ̀kẹ́ obìnrin sì ni. Bọ̀dá gbà á. Ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn.

"Dáyọ̀, ìyàwó ta ló yá ọ ní kẹ̀kẹ́?"

"Dáyọ̀, ìró ńkọ́? O gbàgbé ìró nílé!"

Ó bá wá bẹ Ọ̀gá Olú pé kó bá òun fi ọ̀pá kan sí i láàárín. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀. Bọ̀dá bẹ̀ ẹ́ títí, èmi náà bá a bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wá gé ọ̀pá lára kẹ̀kẹ́ kan tó ti kú, ó fi iná jó o mọ́ ọrùn, ó jó o mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó kùn ún ní dúdú. Ó di orí mú, ó di ìdí mú, ó lọ́ ọ, kò mira. Ẹnu gbogbo wa ò pa dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọkùnrin, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi àpáta gun kẹ̀kẹ́.

Lásìkò ọyẹ́ kan, tí kòkó pọ̀, Bọ̀dá ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àpò kan lẹ́yìn. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ewúrẹ́ já lu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, mo ti bi gbogbo ẹni tó yẹ kí n bi, kò tíì yé mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dá ní òun fún bíréèkì, fíréèmù sì ṣẹ́ mọ́ òun lábẹ́. Obìnrin kan tó ń sá kòkó létí ọ̀nà níjọ́ náà ní rárá, pé ó fẹ́ sọ̀, ọ̀pá kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, òun àti ẹrù bá wó lulẹ̀, ìgbà yẹn ni fíréèmù tó ṣẹ́. Nígbà tí èmi fi máa sáré débẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti pín sí méjì, àpò kòkó wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ké bí mi ò ṣe gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Mo wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ibi tí Ọ̀gá fi iná kàn gẹ́lẹ́ ni.

Egungun ìbàdí rẹ̀ kò bọ́ sípò mọ́ bó ṣe yẹ. Ó ń rìn, orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò ṣeé gbé sókè. Bó bá fẹ́ kọjá gọ́tà lásán, á fi ọwọ́ di ṣòkòtò rẹ̀ mú níbi itan, á fi gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni gbé igi. Ta ló máa gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀pá kẹ̀kẹ́? Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko.

Gbogbo ìlú ló dá ẹjọ́ náà: kẹ̀kẹ́ obìnrin ló dá Dáyọ̀ lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Èmi ń bi ara mi léèrè. Ṣé fíréèmù ló kọ́kọ́ ṣẹ́ ni, àbí iná ló sọ irin di aláìlágbára? Tí kò bá sí ọ̀pá níbẹ̀, ṣebí ì bá kàn gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ni? Mo bi Ọ̀gá Olú. Ó ní kí n bá òun mú páǹpù wá. Kò fi iná kan kẹ̀kẹ́ obìnrin mọ́ láti ìgbà náà, kò sọ ìdí rẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́run. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ tí a sin ín, bẹ́ẹ̀ ni mo ń sunkún.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, mo ń ṣe iṣẹ́ lọ. Ayé ń yí. Iná tí à ń fi ẹwìrì fẹ́ di ti àwọn wẹ́dà tó ń fi iná mànàmáná jó irin. Ọ̀kadà dé, ó kó àwọn olóko lọ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn àpáta ojú ọ̀nà sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ń wọlé, èyí tó ní jíà rẹpẹtẹ, òmíràn tí wọ́n fi irú irin fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ọ̀pá láàárín. Àwọn tó ń kó wọn wá sọ fún mi pé ọkùnrin àti obìnrin ló ń gùn ún lọ́hùn-ún, tẹrùtẹrù. Mo ní irọ́ ni. Mo délé, mo tún ní àbí òótọ́ ni?

Ìrújú yìí ni Mọrẹ́nikẹ́ bá mi nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì wá nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ẹni tó ń tà á gba òun láyè láti dán méjèèjì wò, kí òun mú ọ̀kan. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa gba Òfòsù lọ sí Benin, wọ́n á gbé àgọ́, ìkòkò, aṣọ àti omi, wọ́n á máa sùn ní ọgbà ilé ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ̀dá Dáyọ̀ jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Mọ́tò ẹ̀ sí mọ́ ní Àkúrẹ́ ni? Àbí wọ́n lé ẹ níbi uṣẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Fún ìgbádùn ni."

"Ìgbádùn!" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní kò yé mi.

Ìgbà tó rí i pé méjèèjì jẹ́ kẹ̀kẹ́ obìnrin, ó dìde. "Ó tì o! Ẹ̀ é ṣe ọmọ ulé mi ló máa gùn ún. Èyí ló dá mi lẹ́sẹ̀. Wo ẹsẹ̀ mi, Mọrẹ́nikẹ́. Wò ó dáadáa!" Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ń ba èmi náà. Bí fíréèmù bá ṣẹ́ mọ́ ọmọ yìí lábẹ́ níwájú tírélà lójú ọ̀nà Benin, kí la máa sọ fún ìyá rẹ̀?

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní, "Ẹrù mi máa ga lẹ́yìn. Tó bá rẹ̀ mí lórí òkè, tí mo sì fẹ́ sọ̀ kíákíá, ibo ni kí n gbé ẹsẹ̀ gbà? Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ ọ̀pá."

Àwọn àpáta wọ̀nyẹn ló wá sí mi lọ́kàn, gbogbo wọn.

Mo ní kó kó iṣu Bọ̀dá sínú àpò méjì, ká so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kìíní, èyí tó tẹ̀ wálẹ̀ jù lọ, tó jẹ́ ọ̀pá ńlá kan ṣoṣo ló gbé e ró. Mo lọ́ ọ. Ó mì. Mo gbé iṣu náà sára èkejì, èyí tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti ọrùn rẹ̀ gùn lọ tààrà dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ó mì díẹ̀. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Mo wá kó ìdajì iṣu náà wá síwájú, mo so ó sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà iwájú. Mọrẹ́nikẹ́ gùn ún yí pápá ilé ìwé tó wà níwájú ilé ká. Ó ní kò mì mọ́ rárá.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ṣé fíréèmù ló dára ni, àbí ibi tí a di ẹrù sí? Ibo ni nọ́ọ̀sì máa ń di àpótí rẹ̀ mọ́, iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Mo ronú títí, n kò rántí. Kẹ̀kẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe, n kò rántí! Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ohun tí mo lè sọ fún yín nìyí: ẹ yan èyí tí ìrújú rẹ̀ kò ní tètè sú yín, torí ó máa pọ̀.

Bọ̀dá ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ó ní, "Ẹ jó ọ̀pá kan mọ́ ọn láàárín, kó le."

Mo wò ó. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pá tí a jó mọ́ ọn yẹn kọ́ ló ṣe yín báyìí?"

"Ọ̀pá kọ́! Kẹ̀kẹ́ ni!"

"Ibi tí iná kàn ló ṣẹ́, Bọ̀dá. Ojú mi ló ṣe."

"Ìwọ lo wà lórí ẹ̀ ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," Mọrẹ́nikẹ́ ní, "ta ni kí n gbọ́ nínú yín?"

Bọ̀dá fa kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ wálẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi, ó ní òun máa dúró lé e lórí, òun máa fi gbogbo ara mì ín, kí a lè fi ojú wa rí i bó ṣe máa gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ di ṣòkòtò rẹ̀ mú níbi itan bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ náà. Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ gbé e kọjá. Ẹsẹ̀ ti wà ní òdì kejì.

Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú mi. Ó rọra jókòó, ó ti ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ta gẹ́gẹ́, Mọrẹ́nikẹ́ sáré di ìdí rẹ̀ mú, ó bá a sáré títí Bọ̀dá fi pariwo pé kó fi òun sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa kẹ̀kẹ́ lọ nínú pápá, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo rántí àwọn kẹ̀kẹ́ obìnrin tí n kò rí tà, tí mo máa ń fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá bá ń fẹsẹ̀ rìn ti oko bọ̀, abẹ́ wọn ló máa ń jókòó sinmi, tí á máa fi ọwọ́ ra ìbàdí rẹ̀, tí a jọ máa ń bú kẹ̀kẹ́ obìnrin. Mo lọ he fìlà rẹ̀ nílẹ̀, mo gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù.

Ó yí pápá ká, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀. Òógùn bò ó. Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó ru iṣu.

"Mọrẹ́nikẹ́, mú ìyẹn máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi iná kàn án o."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n dá èyí padà fún ẹni tó ni ín."

"Èyí?" Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. "Èyí ò padà síbì kankan. Oko mi ló ń lọ."